Ìpè Méjì Tí Mo Pè Lọ́jọ́ Ẹtì

                                                            Ilé Kejìlá, Òpópónà Sycamore,
                                                            Eufaula, Alabama.
                                                            Ọjọ́ Kẹtadínlọ́gbọ̀n, Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi Maxine, tí a jọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo títí ẹ fi lọ sí yunifásítì,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìfaradà òtútù, nítorí mo gbọ́ lórí rédíò pé yìnyín ti bọ́ ní àwọn òkè ọ̀dọ̀ yín ní Montana, nígbà tí àwa níhìn-ín ṣì ń fi ìwé ìròyìn fẹ́ ara wa. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Orúnkún Bùọ̀dá Orville ńkọ́? Ṣé wọ́n ti lè gun àkàbà, àbí ẹ̀yin náà lẹ ṣì ń gun òrùlé lọ gbá ewé? Ewúrẹ́ tó bí ìbejì ńkọ́, ṣé ẹ ti rí orúkọ fún àwọn ọmọ rẹ̀? Lọ́dọ̀ tiwa, a dúpẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru ọkọ mi Grady ti wálẹ̀ díẹ̀. Ó ṣì ń ta katakata fún àwọn àgbẹ̀, ó sì ń bá wọn jiyàn nípa bọ́ọ̀lù títí wọn yóò fi gbàgbé ohun tí wọ́n wá rà. Èmi náà ń lọ sí ilé ìkàwé ìlú lójoojúmọ́, mo ń to àwọn ìwé tí ẹnikẹ́ni kò yá mọ́, mo sì ń ka èyí tó bá wù mí nínú wọn.

Nínú lẹ́tà yín tó kẹ́yìn, ẹ béèrè bí Merritt ọmọ mi ṣe ń ṣe sí ní yunifásítì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ èsì, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sì ti fà á ya. Ẹ mọ ìwé àkọsílẹ̀ mi, èyí tí ẹ máa ń pè ní ìwé ẹjọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo ti ń kọ ìbéèrè sínú rẹ̀, kò sì sí ìdáhùn kan níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀yin wà ní yunifásítì, ẹ kò wọ ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin kankan. Ẹ ní ẹ kò lè wọ bàtà tó ń ta yín lẹ́sẹ̀ lọ dúró níwájú ilé onílé nínú oòrùn kí wọ́n tó fẹ́ràn yín. Mo bínú sí yín nígbà náà. Mo rò pé ìlara ni. Nísinsìnyí ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tí kò ní ilé kankan tó fẹ́ gbèjà nínú ọ̀rọ̀ yìí, òun ló jẹ́ kí n gbé e wá bá yín.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, nítorí mo mọ̀ pé ẹ kò fẹ́ mọ̀ ọ́n rí. Ilé ẹgbẹ́ mẹ́rìndínlógún ló wà ní òpópónà kan nínú yunifásítì náà. Kí ilé-ìwé tó wọlé nínú oṣù kẹjọ, àwọn ọmọbìnrin tuntun yóò fi ọjọ́ mẹ́jọ lọ láti ilé dé ilé. Lójoojúmọ́, ilé kọ̀ọ̀kan yóò kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ṣì fẹ́ rí, ọmọ kọ̀ọ̀kan náà yóò sì kọ orúkọ àwọn ilé bó ṣe fẹ́ràn wọn sí, kọ̀ǹpútà yóò wá pa àkọsílẹ̀ méjèèjì pọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n máa ń fún ọmọ ní ìwé orúkọ àwọn ilé tó tún pè é. Iye ilé náà á máa dín kù títí yóò fi ku méjì péré, tàbí ẹyọ kan, ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn. Ilé tèmi ni Ilé Olópòó Mẹ́fà. Ẹ rántí rẹ̀ dájú, ibẹ̀ ni ẹ ti wá gbé mi nígbà tí Bàbá kú.

Láti oṣù kẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́tà ẹ̀rí fún Merritt, nítorí ilé kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ kí obìnrin kan tó ti ṣe ẹgbẹ́ náà rí kọ̀wé pé òun mọ ọmọ yìí. Mo kọ̀wé sí àwọn obìnrin tí mi ò rí láti ogún ọdún. Mo ya fọ́tò ọmọ náà nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, mo kọ máàkì ilé-ìwé rẹ̀, mo kọ iye wákàtí tó fi ran àwọn arúgbó lọ́wọ́. Grady wo ìwé náà látòkè délẹ̀. Ó ní, “Joss, mo ti ra akọ màlúù tí wọn ò kọ nǹkan tó báyìí nípa rẹ̀.” Merritt rẹ́rìn-ín títí tíì oníyìnyín fi gba imú rẹ̀ jáde. Mi ò rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ìwé mi: kí ló dé tí àwọn méjèèjì fi ń rẹ́rìn-ín, tí èmi kò sì lè rẹ́rìn-ín?

Ẹ mọ Merritt. Ó ga, ohùn rẹ̀ kò ga, kì í sì í sọ̀rọ̀ kí ó tó rò ó. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ló fẹ́ kọ́, ìyẹn iyẹ̀pẹ̀ gan-an, ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ohun tó lè hù níbẹ̀. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni ọmọ ilé kan ní láti bá ọ sọ̀rọ̀ kí ẹlòmíràn tó gbà ọ́. Bí ẹ bá fún Merritt ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́ta ni yóò fi ronú. Mo kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ó fetí sílẹ̀, ó sì ṣe wọ̀ọ̀ bí ẹni tó ń gba oògùn. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé ṣé ó fẹ́ ṣe é lóòótọ́. Ó ní, “Ẹ̀yin ṣe é, Màmá.” Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí bẹ́ẹ̀ ni.

Mo gba yàrá kan lọ́wọ́ opó kan nítòsí ọgbà ilé-ìwé, bí àwọn ìyá yòókù ti ń ṣe. Àárọ̀ ni mò ń lo áyọ́ọ̀nù, ọ̀sán ni mò ń gbé omi àti bébà tí wọ́n fi ń nu ọ̀rá ojú lọ fún un ní igun òpópónà. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ṣàkíyèsí pé bó bá ti inú Ilé Bíríkì jáde, ọ̀rọ̀ máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ilé Bíríkì ni ilé tó kéré jù, ní ìsàlẹ̀ òpópónà, níbi tí omi máa ń dúró sí bí òjò bá rọ̀. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ní oko ẹ̀fọ́ kékeré lẹ́yìn ilé tí nǹkan kò hù sí dáadáa, ọ̀kan nínú wọn sì bi Merritt ní ìdí rẹ̀. Ó sọ ìdí rẹ̀ fún mi láti ibẹ̀ dé ilé opó náà, bó ṣe jẹ́ pé iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀ ti kan jù, pé eérú ló yẹ kí wọ́n dà sí i. Mo ní kí ó dúró ṣinṣin kí n tún ìdè ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ṣe.

Ẹ̀gbọ́n mi, ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ọ̀rọ̀ nìyí. Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ wa. Bí ilé bá fẹ́ já ọmọ ẹni tó ti ṣe ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù kí ọmọ tó rí ìwé. Wọ́n ní ọ̀wọ̀ ni. Lọ́jọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, aṣọ funfun tí Merritt fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ kejì wà lábẹ́ áyọ́ọ̀nù nígbà tí fóònù dún. Ìyáàfin Paulette Haskew ni, obìnrin tó ń bójú tó àwọn ọmọ Ilé Olópòó Mẹ́fà. Ó kí mi, ó béèrè Grady, ó wá ní òun kò fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn: wọn kò ní pe Merritt lọ́la.

Mo béèrè ohun tó ṣe. Ó ní, “Jocelyn, ọ̀rọ̀ náà kò rí bí o ṣe ń rò ó. Ohun tí wọ́n bá sọ nínú ilé kì í jáde. Ìwọ náà ti búra bẹ́ẹ̀ rí.”

Ó yẹ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Èmi tí mo fẹ́ràn láti máa sọ pé mo ń ka ohun tó wà láàárín ìlà, mo gbọ́ gbólóhùn kan tó ní ìtumọ̀ kedere, mo sì rò pé àwáwí ni. Ohun tí mo rí ni ọmọ mi, tó dúró nínú oòrùn lọ́la pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí orúkọ ilé ìyá rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Aago márùn-ún ni wọ́n máa ń ti àkọsílẹ̀ orúkọ pa. Mo wo aago. Mo ní wákàtí mẹ́ta.

Ìpè kìíní ni mo fi pe Dottie Fairchild, tí a jọ wọ ẹgbẹ́ lọ́dún kan náà, tí ọkọ rẹ̀ ṣe òrùlé tuntun fún ilé náà lẹ́yìn ìjì. Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, “Ta ni wọ́n rò pé àwọn jẹ́? Fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá.” Ìpè kejì ni mo fi pe Màmá Claudine Roper, ẹni ọdún mọ́kànlélàádọ́rùn-ún, tí a fi orúkọ wọn pe pálọ̀ ibẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ni, “Ta ló kú?” Mo ní kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní, “Kí ló wá dé tí o fi ń sunkún, ọmọ yìí?” Èmi kò mọ̀ pé mò ń sunkún.

Ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago márùn-ún lù nígbà tí Ìyáàfin Haskew tún pè. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ní orúkọ ọmọ mi ti padà sórí ìwé. Ó ní, “Ire o, Jocelyn,” ó sì pa fóònù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì opó náà, mo sì rò pé mo ti ṣe ohun tó dára jù lọ tí mo ṣe fún Merritt láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi bẹ́ẹ̀. Ó ṣì wà níbẹ̀, mi ò ya á.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó gba ìwé rẹ̀, ó sì wá bá mi níbi tí mo gbé ọkọ̀ sí, lábẹ́ igi óákù kan. Ilé méjì ló wà lórí ìwé náà: Ilé Bíríkì àti Ilé Olópòó Mẹ́fà. Mo pariwo ayọ̀. Òun kò pariwo. Ó jókòó sínú ọkọ̀, ó tún ìwé náà kà bí ẹni pé orúkọ ẹlòmíràn ni wọ́n kọ sí i. Lẹ́yìn náà ó ní, “Màmá, èmi ni mo ní kí wọ́n má pè mí mọ́.”

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó ní lọ́jọ́bọ̀, nígbà tí wọ́n ń mú wọn yí ilé ká, òun sọ fún ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Lanier Pruett pé ilé wọn dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé òun. Ó ní òun kò lè fi ọwọ́ ara òun kọ ilé ìyá òun sí ìsàlẹ̀. Ó bẹ Lanier pé kí wọ́n kúkú já òun sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè ti ọ̀dọ̀ wọn wá, kí inú mi má baà bàjẹ́ sí òun. Lanier ṣèlérí. Ó sọ ọ́ nínú ìpàdé ilé, gbogbo wọn sì gbà, nítorí wọ́n rí i pé ìfẹ́ ìyá ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Merritt ní, “Wọ́n mà gbà, Màmá. Kí ló tún dé tí wọ́n fi pè mí?”

Ibí yìí ni kí ẹ ti bá mi dúró díẹ̀. Mo lè sọ fún un nígbà náà. Ó rọrùn, gbólóhùn kan ni. Ṣùgbọ́n ó ń wo iwájú, ó sì tún ń sọ̀rọ̀ lọ, èyí tí kì í ṣe ìwà rẹ̀. Ó ní láti kékeré, ibikíbi tí òun bá ti ní òun fẹ́ kúrò, ó dàbọ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún òun. Ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ọwọ́, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ lọ síbi ijó ìparí ilé-ìwé, gbogbo wọn. “Àwọn wọ̀nyí kọ̀ o. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ, wọ́n kọ̀. Bóyá wọ́n rí nǹkan kan lára mi tí èmi ò rí.”

Ojú rẹ̀ ń dán, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo tan iná yẹn, irọ́ ni mo sì fi tàn án.

Òfin mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí òun ló jẹ́ kí ohun tí mo ṣe burú ju bó ṣe rí lójú lọ. Bí ọmọ bá kọ orúkọ gbogbo ilé tó pè é dé ọjọ́ yẹn sórí káàdì tó fi ń yan ilé, ó dájú pé ọ̀kan nínú wọn yóò gbà á. Bó bá yọ ọ̀kan sílẹ̀, kò dájú mọ́, ó lè má rí ilé kankan. Ká ní mi ò fọwọ́ kan fóònù, Ilé Bíríkì nìkan ni ì bá wà lórí ìwé rẹ̀, ilé tó fẹ́ gan-an, òun nìkan ni ì bá sì kọ, ibẹ̀ ni ì bá wọ̀ láìsí ewu. Èmi ni mo gbé ilé kejì ka iwájú rẹ̀.

Ó bi mí pé èwo ni kí òun kọ sókè. Mo ní, “Kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ.” Ó ní, “Èwo nínú wọn?” Mo fún un ní bébà kí ó fi nu ojú.

Ilé Olópòó Mẹ́fà ló kọ sókè.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pín àpò ìwé fún gbogbo wọn ní pápá, wọ́n kà á pọ̀, gbogbo wọn ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbẹ̀rún ọmọbìnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ sí òpópónà. Èmi àti Grady dúró lórí koríko níwájú òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo rí i tó ń bọ̀, orí rẹ̀ ga ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n gbá a mọ́ra, wọ́n wọ ẹ̀wù tuntun sí i lọ́rùn, wọ́n ya fọ́tò. Grady bi mí pé kí ló dé tí ojú mi rí bẹ́ẹ̀. Mo ní oòrùn ni. Ìyáàfin Haskew wá dúró tì mí. Ó ń rẹ́rìn-ín nítorí àwọn èèyàn ń wò wá, ó wá ń fi ẹ̀rín yẹn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé òun ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má sọ ohun tí mo ṣe fún Merritt. Ó ní, “Ṣùgbọ́n igba ọmọ ni wọ́n, Jocelyn. Ẹnu igba. Ìwọ ni kí o mọ ohun tí o máa ṣe.”

Ọjọ́ ìbúra wọn ni ọjọ́ kejìlá oṣù tó ń bọ̀. Ọmọ tó bá ti búra, ó di ti ilé yẹn nìyẹn, kò tún lè wọ òmíràn láé. Àṣà wa sì ni pé bí ìyá bá ti ṣe ẹgbẹ́ náà rí, òun ni yóò wọ aṣọ funfun wá fi báàjì wúrà tirẹ̀ sí àyà ọmọ rẹ̀. Wọ́n ti kọ̀wé sí mi láti béèrè bóyá mò ń bọ̀. Mo kà á, mo fi sínú ìwé atúmọ̀ èdè, mo sì ń bi ara mi léraléra pé kí ni mo fẹ́ fi sí i láyà gan-an.

Mo sọ fún Grady níkẹyìn. Ó gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀. Mo rò pé yóò bínú. Ohun tó sọ ni pé, “Sọ fún un kí o sùn, tàbí kí o má sọ fún un kí o má sùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí èmi máa sùn ní tèmi.” Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo tún fi yí i ká lẹ́yìn ìyẹn. Bí mo bá pè é, á ní dáadáa ni òun wà, á ní iṣẹ́ pọ̀, á ní Lanier kí mi. Mo máa ń gbìyànjú láti gbọ́ nínú ohùn rẹ̀ bóyá ó ti mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, èèyàn lè tẹ́tí sí ọmọ rẹ̀ títí kó má tiẹ̀ gbọ́ nǹkan tí ọmọ náà ń sọ.

Lánàá, mo gba ààyè níbi iṣẹ́, mo fi wákàtí mẹ́ta wakọ̀ lọ. Wọ́n ní ó wà ní yàrá ìfọṣọ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń gbé. Mo bá a níbẹ̀, òun nìkan, ó ń kó aṣọ tútù kúrò nínú ẹ̀rọ kan sínú ẹ̀rọ kejì tó ń mú aṣọ gbẹ. Kò yà á lẹ́nu tó bó ṣe yẹ. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mo sì sọ gbogbo rẹ̀, bí Haskew ṣe pè, bí mo ṣe pe Dottie àti Màmá Claudine, bí mo ṣe jókòó sínú ọkọ̀ tí mo dákẹ́. Ariwo ẹ̀rọ yẹn pọ̀, mo ní láti gbé ohùn sókè, ó wá dà bí ẹni tó ń pariwo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́jà.

Ó ní, “Mo mọ̀, Màmá.”

Mo ní láti ìgbà wo.

“Láti ọjọ́ Àìkú yẹn. Mi ò tíì jẹ kéèkì tí wọ́n fún mi tán. Lanier fà mí wọ ilé ìdáná, ó ń sunkún. Ó ní wọ́n ní kí àwọn má sọ, òun ò sì lè gbé e sínú.”

Mo bi í pé bó bá mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, kí ló wá dé tó fi dúró níbẹ̀. Ó gbọn aṣọ ìnura kan, ó ní, “Nítorí pé Lanier sọ fún mi. Ọjọ́ kẹjọ tí a mọra nìyẹn.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Bó ṣe ń sọ ohun tó wà nínú iyẹ̀pẹ̀ ló ṣe sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó ní òun ti dá ọjọ́ fún mi nínú ọkàn òun, pé ọjọ́ Kérésìmesì ni mo máa jẹ́wọ́, lẹ́yìn tí mo bá ti mu wáìnì díẹ̀. “Ẹ yá ju bí mo ṣe rò lọ.” Ó sì rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, bí èyí tó ń rín sí bàbá rẹ̀.

Mo bi í bóyá inú rẹ̀ dùn níbẹ̀. Ó ní ní àwọn ọjọ́ kan. Ó ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni òun máa ń lọ bá àwọn ọmọ Ilé Bíríkì da eérú sí oko wọn, àwọn ọmọ Ilé Olópòó Mẹ́fà sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ní ọkọ méjì. Mo bi í bóyá yóò búra. Ó ní òun ṣì ń rò ó. Mo ti ka ọ̀pọ̀ ìwé láyé mi, Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò rí ọ̀kan tó sọ fún mi bóyá ohun tí mo ṣe ba ayé ọmọ náà jẹ́ ni, tàbí ó fún un ní ọ̀rẹ́ kan, tàbí kò tilẹ̀ kàn án mọ́ rárá, tó jẹ́ pé èmi nìkan ló ṣẹ́kù nínú rẹ̀.

Ohun tó kẹ́yìn tí mo béèrè ni èyí tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ní, “Ọjọ́ kejìlá ńkọ́? Ṣé kí n wá?” Ó ti ilẹ̀kùn ẹ̀rọ náà pa, ó wá owó wẹ́wẹ́ nínú àpò rẹ̀, ó jù ú sínú ihò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dúró. Mo kọ́ ara mi láti dúró dè é, ìṣẹ́jú mẹ́rin gan-an bó bá gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kò wò mí, ó ní, “Ẹ má wọ bàtà gogoro. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń rọ̀ nínú oṣù kẹwàá, ó máa ń gbé gìgísẹ̀ mì.”

Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn. Ó bá mi dé ibi ọkọ̀, ó gbá mi mọ́ra, ó padà lọ sídìí aṣọ rẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi ń yí i wò nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Ṣé ìdáríjì ló fún mi, àbí ọ̀rọ̀ bàtà lásán ló ń sọ? Ṣé ó ní kí n wá ni, àbí ó kàn sọ ohun tó mọ̀ nípa ilẹ̀ ibẹ̀, bó ṣe máa ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́? Grady ní ìpè ni. Ṣùgbọ́n Grady ti sùn lọ kí n tó bi í bó ṣe mọ̀.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá Orville, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n jìnnà sí àkàbà. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ yín, pàápàá Russell àti ìyàwó rẹ̀ tó ń retí ọmọ, Ọlọ́run yóò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Grady ní kí n kí yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ẹ̀sìn ṣe èsì, ẹ má sì fi ẹ̀rín ṣe é, ẹ kàn sọ bí ẹ̀yin ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ náà fún mi. Kí lẹ́tà yín dé ṣáájú ọjọ́ kejìlá. Mo ti ra bàtà pẹlẹbẹ kan láàárọ̀ yìí, mi ò sì tíì mọ ibi tí mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ.

Èmi ni àbúrò yín tí ń dúró de èsì,

Jocelyn.